Fìláàṣì Màámi

Ọjọ́bọ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ pè mí láti London pé òun ń bọ̀ ní Dublin lọ́jọ́ Ẹtì, òun á sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ wá kí mi ni. Ọkùnrin tí kò bi mí láti ọdún méjì bóyá òtútù ti pa mí tàbí ó kù díẹ̀, ó jí lọ́jọ́ kan ṣá, ó ní òun fẹ́ kí mi. Mo ní kó máa bọ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìbàdàn ni èmi àti ọkùnrin yìí ti fẹ́ra sọ́nà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ẹbí wa ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó sápá kan, àwọn ẹbí tirẹ̀ jókòó sápá kejì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n ní ìdána á di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ni ó rí físà London. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èmi náà rí ti Ireland. Ìdána wà níbi tí a fi í sí, ó ń dúró dè wá. Bàálù kì í lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ láti Dublin sí London, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí n lè lọ, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè wá. A ń pe ara wa lójoojúmọ́, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù. Lọ́jọ́ kan, mo dúró ní ibùdókọ̀ nínú òjò, ó pè mí, ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò lọ síbì kankan mọ́. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọlé. Bí a ṣe pínyà nìyẹn.

A pínyà bí òyìnbó, àṣìṣe wa sì nìyẹn. Nílé wa, ẹni méjì nìkan kọ́ ló ń fẹ́ra, ẹni méjì nìkan kọ́ ló sì ń kọ ara wọn. Ẹni tó bá rán àgbà lọ tọrọ ọmọ gbọ́dọ̀ rán àgbà padà láti lọ sọ pé ọ̀rọ̀ ti yí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bínú, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á pariwo, lẹ́yìn náà wọ́n á tú ohun tí wọ́n so. Àwa kò sọ fún ẹnì kankan. Ojú ń tì wá, ọ̀nà sì jìn. Ó rò pé èmi á sọ nílé wa, èmi náà rò pé òun á sọ nílé wọn. Bàbá mi bi mí lẹ́ẹ̀kan, mo ní a ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, bàbá náà kò bi mí mọ́. Ìyá ọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ máa ń fìláàṣì mi. Fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn nìyẹn: ẹni tó wà nílé á fìláàṣì, ẹni tó wà lókè òkun á pè padà. Mo máa ń ra káàdì ìpè ní Moore Street, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń tẹ nọ́ńbà rẹpẹtẹ náà, mo sì máa ń kúnlẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá mi ní Clondalkin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó lè sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ìyàwó yín ni." Bí mo bá jókòó kí i, ó dá mi lójú pé ó máa gbọ́ ọ nínú ohùn mi.

Màámi ni mo ń pè é. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?" Èmi á ní, "Mo ti jẹun, mà," yálà mo ti jẹun tàbí n kò tíì jẹun. Màámi á wá sọ ẹni tó kú fún mi, ẹni tó bímọ, ẹni tó bá pásítọ̀ jà, bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń dùn ún. Á gbàdúrà fún mi títí káàdì á fi gé wa mọ́ àmín. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní girama. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Nítorí náà, n kò sọ fún un. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ ìyàwó ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi, nítorí ìyá rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́bọ̀ yẹn ni pé ó ti gbọ́, ó sì ń bọ̀ wá sọ fún mi pé kí n fi ìyá òun sílẹ̀.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń bá wọn wẹ̀, tí mo ti ń fún wọn lóúnjẹ, bàtà funfun iṣẹ́ mi ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ti sanra. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan tí kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́wọ́ òtútù Dublin nínú oṣù kọkànlá. Ó gbé páálí bisikíìtì kan fún mi, irú èyí tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀ òfurufú fún ẹni tó gbàgbé láti ra nǹkan wá. Mo kí i kú ọ̀nà, mo gbé ìrẹsì fún un. Ó jẹun, ó wo pálọ̀ mi yíká, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo kiréènì mẹ́ta tó dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun.

Ó ní, "Ibí yìí dáa o."

Mo ní, "Ó grand."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Grand! O ti di Irish pátápátá."

Orí àga pálọ̀ ni ó sùn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi. N kò bẹ̀rù rẹ̀, mo kàn fẹ́ kó gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dín dòdò àti ẹyin. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìnuwọ́ nu ẹnu, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ buwọ́ lùwé. Mo mọ̀ pé ó ti débẹ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ gbéyàwó."

Mo ní, "O kú oríire."

"Ó wà ní London. Ó ti lóyún oṣù márùn-ún. Màámi ò gbà. Wọ́n ní ìyàwó kan ṣoṣo làwọn mọ̀. Mo bá sọ fún wọn pé ìwọ lo kọ̀ mí."

"Èmi?"

"Mo ní o ti rí ẹlòmíì níbí. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní àwọn bá ẹ sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè tó kọjá, o ò sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀." Ó wá wò mí. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀. Gbogbo Sọ́ńdè?"

Mo ní, "Gbogbo Sọ́ńdè."

Ó mi orí. Ó ní Màámi ti lérí pé òun kò ní gbàdúrà fún obìnrin kankan, òun kò sì ní yọjú síbi ìkómọ kankan, àfi tí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, tí ọmọ òun sì dúró tì mí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi wọ bàálù. Ó ti bá Màámi ṣe àdéhùn pé tó bá di aago márùn-ún ọjọ́ náà, òun á pè é, èmi á sì sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. O kàn máa sọ pé ìwọ lo ò fẹ́ mọ́. Jọ̀ọ́. Nítorí ọmọ tó ń bọ̀."

Inú bí mi débi pé mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe obìnrin London yẹn ló dùn mí. Mo wá a nínú ara mi bóyá òun ni, kò sí níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé bí mo bá sọ ohun tó fẹ́ kí n sọ, Màámi á mọ̀ mí sí ọmọbìnrin tó rí ọkùnrin míì tó fi já ọmọ òun sílẹ̀. Ta ló máa ń fìláàṣì irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì kọ̀ tí n kò sọ ọ́, ọmọ kan á dé ayé tí ìyá bàbá rẹ̀ kò ní kí káàbọ̀. Ó sì ti dá àkókò kí ó tó bi mí.

Mo yíjú sí i, mo ní, "Jẹ́ ká lọ wo sinimá."

Ó ní, "Sinimá kẹ̀?"

Ní Ìbàdàn, ó ti ṣèlérí pé ibi àkọ́kọ́ tí òun máa mú mi lọ lókè òkun ni sinimá gidi, èyí tí àga rẹ̀ rọ̀. Mo rán an létí. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mo fẹ́ ráyè ronú, sinimá sì nìkan ni ibi tí mo mọ̀ tí ọkùnrin kan ti lè jókòó tì mí fún wákàtí méjì tí kò ní lè bẹ̀ mí. Ó gbà. Ẹni tó wá tọrọ nǹkan kì í jiyàn.

Fíìmù tí mo yàn á bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ààbọ̀. A wọ Luas, rélùwéè ìgboro, ní Red Cow. A sọ̀ ní Abbey Street nígbà tí ó kù ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ìrìn ẹsẹ̀ kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ní kí á gba Moore Street kọjá, pé òun fẹ́ ra nǹkan fún mi. Mo ní kó fi sílẹ̀ di ìgbà tí a bá ń bọ̀. Ó ní rárá, wọ́n á ti palẹ̀ mọ́.

Iṣu ni ó fẹ́ rà. Ọkùnrin tó ń gbé London, níbi tí iṣu kún títí dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níwájú ilé ìtajà àwọn ará wa ní Moore Street, ó ń fi èékánná ha èèpo iṣu, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, ó ń bi obìnrin tó ń tà á bóyá kò ní korò. Ó yan ọ̀kan tó gùn bí apá mi. Ó tún ra ẹja gbígbẹ. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi, ó ní, "Gbà. Má ní mi ò ra nǹkan fún ẹ." Mo gbà á. Mo rántí pé iṣu wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé wá sílé ẹni nígbà ìdána, ogójì iṣu ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ti wa. Ọ̀kan yìí ló dé, ẹ̀bẹ̀ ló sì bá dé.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni a dé sinimá. Tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù mi ti tán. Èyí tí wọ́n ti ń jà, tí ọkùnrin náà ìbá fẹ́, òun náà ti tán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, òjò ń rọ̀, Kérésìmesì ń bọ̀, gbogbo Dublin lówó lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ti wá síbẹ̀. Ohun tó kù ni káàtúùnù àwọn ọmọdé tó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ní, "Èmi, bàbá ọmọ, kí n wá jókòó wo káàtúùnù?"

Mo ní, "Bàbá ọmọ gan-an ló yẹ kó máa wò ó." Mo rà á.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ káádígàn pupa ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀rá ọwọ́ mi.

Ó ní, "You can't bring your own food in, love."

Àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ bọ́ síwájú. "Madam, this is not food. It is yam."

"And what do you do with it?"

Mo ní, "You eat it. But you have to cook it first."

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, òórùn ẹja gbígbẹ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fà sẹ́yìn. Ó ní òun á bá wa tọ́jú yoke yẹn sẹ́yìn káńtà títí a fi máa jáde. Yoke ni wọ́n ń pe ohunkóhun tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìka méjì ni ó fi gbé e. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí, àwọn òbí àti ọmọ tó tò sẹ́yìn wa ń mí kanlẹ̀.

Nígbà tí a wọlé, wọ́n ti pa iná. Kò sí àga méjì tó ṣófo tira wọn. Ó lọ jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, mo jókòó sí ẹ̀yìn, láàárín ọmọbìnrin kékeré kan tó ń fi gúgúrú ta mí àti bàbá kan tó ti ń hanrun. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó jókòó tì mí kó má lè sọ̀rọ̀. Ibi tó jókòó sí yìí, tó bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀, n kò lè gbọ́.

Fíìmù náà dá lórí ẹranko kan bí òòrẹ̀ kékeré tó ṣí ilé búrẹ́dì. Gbogbo búrẹ́dì tó bá fọwọ́ kàn ni ẹ̀gún ara rẹ̀ ń gún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Mo gbìyànjú láti ronú sí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n òòrẹ̀ náà ń kọrin. Síbẹ̀, mo ronú. Mo rí orí ọkùnrin náà níwájú, dúdú rigidi lábẹ́ àwòrán. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ inú yẹn kò ṣẹ̀ mí. Mo sọ fún ara mi pé Màámi kì í ṣe ìyá mi, mo kàn yá a lò ni, ẹni tó bá sì yá nǹkan á dá a padà. Kí òòrẹ̀ tó kọrin kejì, mo ti pinnu. Màá sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Mo to gbólóhùn náà sẹ́nu: "Màámi, òótọ́ ni, èmi ni mi ò fẹ́ mọ́." Mo ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀ kó lè mọ́ mi lẹ́nu. Omi ń bọ́ lójú mi, ọmọbìnrin kékeré ẹ̀gbẹ́ mi sì nawọ́ gúgúrú rẹ̀ sí mi. Ó rò pé nítorí òòrẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni iná fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú. Ó tàn, ó kú. Ó tún tàn, ó kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dún sókè gan-an, obìnrin kan sì ké pé, "Ah, here!" Mo wo aago mi. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago márùn-ún ti kọjá ní Ìbàdàn. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú wa, Dublin àti London pẹ̀lú. Aago márùn-ún tí ó bá ìyá rẹ̀ ṣe àdéhùn, aago márùn-ún tiwa ló ń rò, Màámi sì ń ka tirẹ̀. Ọmọ tó bá ń pe ìyá rẹ̀ déédéé ìbá ti mọ̀.

Ó tẹ̀ ba, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ nínú òkùnkùn, ó ń tẹ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Màámi ń fìláàṣì. Dìde, jọ̀ọ́." Òòrẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé afọ́jú kan tó fẹ́ràn búrẹ́dì rẹ̀ ni. Títí dòní, n kò mọ bó ṣe parí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó ti tẹ nọ́ńbà káàdì tirẹ̀ tán. Ó na fóònù sí mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún ní Ìbàdàn, mo sì kúnlẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Orúnkún mi ló lọ fúnra rẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì sinimá, gúgúrú sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ṣé ọkọ rẹ wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, mà."

"Ó ní o ti kọ òun. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó dúró tì mí, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀ mí láìfọhùn. Obìnrin oníkáádígàn pupa ti rí mi nílẹ̀, ó sáré bọ̀. Ó ní, "Are you all right there, love? Did you lose something?" Mo mi orí sí i. Mo la ẹnu láti sọ gbólóhùn mi. Kò jáde. Mo ti parọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún Màámi ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó kọ ẹnì kan. A ti pínyà láti ọdún kejì sẹ́yìn. A ò sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Mo gbọ́ ohùn rédíò nílé rẹ̀.

"Ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo Sọ́ńdè tí mò ń pè ẹ́ ní ìyàwó mi ńkọ́?"

"Mò ń jẹ́ ẹ, mà."

"Kí ló dé?"

Mo ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹ má pè mí mọ́."

Màámi ní, "Gbé fóònù fún un." Mo gbé e fún un. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó tó ìgbà mẹ́fà, títí káàdì fi gé e. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "O ti bà á jẹ́ fún mi."

Mo ní, "Lọ gba iṣu wá lẹ́yìn káńtà."

Nínú Luas tí a wọ̀ padà, èrò pọ̀ débi pé a kò lè jókòó, ọ̀rá iṣu sì wà láàárín ẹsẹ̀ wa. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí dé Clondalkin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun á bá mi bẹ Màámi. Mo ní kó má bẹ ẹnì kankan fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè bẹ̀ ẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, mo bá yára ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé ìkẹ́rùsí kan tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn ilé iṣẹ́, mo sì jókòó ti fóònù láti aago mẹ́ta. Aago mẹ́rin lù. Mo gbọ́ gbogbo bọ́ọ̀sì tó kọjá níwájú ilé. Fóònù kò dún. Ọjọ́ Àìkú kejì, kò dún. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi pé Màámi ti bá ìyàwó òun gbàdúrà lórí fóònù. Ó ní inú ti bí Màámi débi pé ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yanjú. Mo kọ "Ẹ kú oríire" sí i, mo sì sọkún bí ẹni tí wọ́n tún sin ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kẹta, kò dún. Mo ṣì ń ra káàdì. Àwọn káàdì náà wà nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà, n kò tíì ha ẹ̀yìn wọn.

Mo lè pè é fúnra mi. Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè é. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó parọ́ fún, ó ń dúró kí wọ́n pe òun ni. Mo dúró.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin, mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Mo ha káàdì náà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù. Mo ṣì í tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo tún un tẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ta nìyẹn?"

Ó mọ̀. N kò mọ ohun tí mo lè pe ara mi. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Mo gbọ́ tí Màámi fa àga, tó jókòó, tó sì kérora nítorí orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ.

Mo ní, "Rárá, mà. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Gbogbo ọjọ́ lo máa ń ní o ti jẹun, ohùn ẹ ò sì jọ ti ẹni tó jẹun rí. Kí lo ní nílé?"

Mo ní, "Iṣu wà, mà."

"Lọ sè é. Jẹ ẹ́ kí o yó, kí o wá pè mí padà. Mò ń dúró."

Ó pa fóònù rẹ̀. Mo dìde, mo bẹ iṣu ọmọ rẹ̀, mo gé e, mo gbé e kaná. Kò korò. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, pẹ̀lú epo àti iyọ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún, mo mú káàdì kejì nínú press, mo sì padà lọ kúnlẹ̀.